Láti Inú Lẹ́jà Dé Inú Àká: Àgbéyẹ̀wò Kíkó Àkọsílẹ̀ Ilé Ohun-Ìṣẹ̀ǹbáyé Jọ Sójú Kan

Ní ọdún 1659, ní ìlú Ulm ní ilẹ̀ Jámánì, oníṣòwò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Christoph Weickmann tẹ ìwé kan jáde, nínú èyí tí ó to gbogbo ohun àrà tí ó kó jọ sínú ilé rẹ̀ sí lẹ́sẹẹsẹ, aṣọ àti ohun ìjà àti ohun ọ̀ṣọ́ tí àwọn arìnrìn-àjò gbé ti ilẹ̀ òkèèrè dé. Láàárín wọn ni pákó gbígbẹ́ kan wà, tí ìwé náà sọ pé ó ti ọ̀dọ̀ ọba Àlàdá wá, àti pé ètò ẹbọ ni wọ́n ń lò ó fún. Ọmọ Yorùbá tí ó bá rí pákó náà lónìí, ní Ulm níbi tí ó ṣì wà, kò ní í béèrè ohun tí ó jẹ́, nítorí pé ojú Èṣù ń wò ó láti etí rẹ̀, àárín rẹ̀ sì tẹ́jú bí ẹni tí ń retí ìyẹ̀rósùn: ọpọ́n Ifá ni. Nínú gbogbo ọpọ́n Ifá tí ó wà láyé, kò sí èyí tí a mọ̀ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pẹ́ tó tirẹ̀. Weickmann kò mọ orúkọ tí ó ń jẹ́, ṣùgbọ́n ó kọ ibi tí ó ti wá sílẹ̀, ó kọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti wá, ó sì kọ iṣẹ́ tí ó gbọ́ pé wọ́n ń fi í ṣe; ìlà díẹ̀ wọ̀nyí ni àwa tí a mọ Ifá tọ̀ bí ẹni tọ ipa ẹsẹ̀ nínú erùpẹ̀, tí a fi tún rí ohun tí ì bá ti di pákó lásán lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní 360.

Ọpọ́n yìí ni mo fi ṣíṣọ lójú ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò. Káàkiri ayé báyìí, àwọn ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé ń kó àkọsílẹ̀ wọn kúrò nínú lẹ́jà, nínú káàdì, nínú fáìlì àti nínú àpò fọ́tò, wọ́n ń dà wọ́n pọ̀ sínú dátábéèsì kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí èmi yóò máa pè ní àká, nítorí pé ohun tí àká ń ṣe fún ìkórè àgbẹ̀ náà ni ó ń ṣe fún ọ̀rọ̀. Kí ni a ń jèrè níbẹ̀, kí ni ó sì lè bọ́ sọnù lójú ọ̀nà? Ohun tí mo gbà gbọ́, tí mo sì fẹ́ fi yé òǹkàwé, ni pé ẹ̀rọ ni ó rọrùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Kíkà ohun tí ó wà nílẹ̀ àti sísọ ọ́ lórúkọ ni ó le, àwọn méjèèjì yìí kò sì sí lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà.

Ní ilẹ̀ wa, àkọsílẹ̀ wọ̀nyí kò tíì dàgbà púpọ̀. Ní ọdún 1933 ni H. G. Ramshaw, ẹni tí ń bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., dé Ẹsìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, tí ó sì rí àwọn ère olókùúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, tí àwọn ará ìlú ti ń bọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní 1945 ni ilé tí a kọ́ fún wọn di ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní 1943 ni ìjọba amúnisìn yan Kenneth Murray láti máa wá àwọn ohun àtijọ́ kiri kí ó sì máa kọ wọ́n sílẹ̀. Ti Jos ṣí ní 1952, ti Ilé-Ifẹ̀ ní 1954, ti Èkó ní 1957, kí òfin ọdún 1979 tó kó gbogbo wọn sábẹ́ àjọ kan náà. Ẹsìẹ́ fúnra rẹ̀ dúró títí di 1978 kí ìwé tí Phillips Stevens ṣe lórí àwọn ère náà tó jáde, ìwé tí ó gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí á ro ó wò: ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ láàárín ìgbà tí a kọ́lé fún ère àti ìgbà tí ìwé ka ère dé òpin.

Nítorí náà, kò yẹ kí ó yani lẹ́nu bí a bá rí i pé ìtàn ohun kan ṣoṣo fọ́n ká sí ibi márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ mú ère ìbejì kan. Lẹ́jà ni ó mọ ọjọ́ tí ó wọlé àti nọ́ńbà tí a fún un. Káàdì inú dúrọ́ọ̀ ni ó mọ bí ó ṣe ga tó. Ẹ̀yà fíìmù inú páálí ni ó mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí kí ikán tó kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwé àwọn atúnǹkanṣe ni ó mọ oògùn tí wọ́n fi pa ikán náà. Fáìlì ọ̀gá ni ó mọ ìlú òyìnbó tí wọ́n yá a lọ fún ìpàtẹ àti ọjọ́ tí ó padà dé. Pẹpẹ tí ó jókòó sí gan-an sì wà nínú orí bàbá kan tí ó kù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ère yìí, ó di dandan kí ó lọ kan ilẹ̀kùn mẹ́fà, bí olóhùn kan nínú wọn kò bá sì sí nílé, ìdáhùn ti já. Ohun tí àká ń ṣe ni pé ó so gbogbo ilẹ̀kùn náà mọ́ ìloro kan, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá pe nọ́ńbà kan, gbogbo ará ilé ni yóò jẹ́ ẹ.

Èrò yìí kì í ṣe ti àná. Láti 1967 ni àwọn kan ní New York àti àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń rò bí kọ̀ǹpútà ṣe lè gba iṣẹ́ yìí mọ́ni lọ́wọ́. Ní 1977 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún un, ẹgbẹ́ náà ni ó sì gbé ìlànà tí wọ́n ń pè ní Spectrum jáde ní 1994, èyí tí ń sọ ohun tí ó yẹ kí á kọ nígbà tí ohun kan bá wọlé, nígbà tí ó bá kúrò lórí pẹpẹ, nígbà tí ó bá jáde lọ.

Ṣùgbọ́n kí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ lákòókò yìí? Ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, British Museum ní London, tí a dá sílẹ̀ ní 1753, tí ó ní ohun tí ó tó mílíọ̀nù mẹ́jọ ní ìpamọ́, kéde pé àwọn ohun kan ti pòórá, pé wọ́n jí òmíràn, pé wọ́n ba òmíràn jẹ́, gbogbo rẹ̀ sì tó nǹkan bí 2,000. Púpọ̀ nínú wọn ni a kò tíì kọ sílẹ̀ bí ó ti yẹ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé olè mọ̀ wọ́n ju ìwé lọ. Lẹ́yìn oṣù méjì wọ́n ní láàárín ọdún márùn-ún, àwọn yóò gbé gbogbo rẹ̀ dé orí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ka àkọsílẹ̀ tí ó kù láti fi kún un tàbí láti tún ṣe sí mílíọ̀nù 2.4. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní í rí ibi wọ̀ ọ́. Àkọsílẹ̀ tí kò pé ni ẹnu tí ògiri náà là.

Olè nìkan kọ́ ni ó sì ń ti ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí Ọ̀gágun Yakubu Gowon ń lọ sí London ní 1973, a mú orí idẹ Ìbíní kan ní ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé Èkó kí ó fi ta Ọbabìnrin Elizabeth lọ́rẹ. Àwọn ará ààfin ka orí náà sí àwòṣe òde òní, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí di 2002, nígbà tí àwọn onímọ̀ wò ó fínnífínní tí wọ́n rí i pé ojúlówó ni. Ohun tí ó dùn mí nínú ọ̀ràn yìí ni pé ohun àdììtú bẹ́ẹ̀ lè kọjá láti ọwọ́ sí ọwọ́, kí ìtàn rẹ̀ má sì tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìwé lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín 1950 sí 1972, British Museum ta iṣẹ́ idẹ Ìbíní tí ó lé ní ọgbọ̀n, nítorí pé wọ́n ti kà wọ́n sí ẹ̀dà ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá mọ bí àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ Ìgún Ẹ̀rọnmwọ̀n ní Ìbíní ṣe ń fi ìda ṣe iṣẹ́, tí ìda ń yọ́ tí kò sì ní í padà, mọ̀ pé kò sí ẹ̀dà níbẹ̀. Ẹni tí ó kọ "ẹ̀dà" sínú ìwé ni ó la ọ̀nà ọjà fún wọn.

Ní ọdún 1994, olè fọ́ ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé Ilé-Ifẹ̀, Ifẹ̀ Oòdáyé, orírun gbogbo wa, wọ́n sì kó orí amọ̀ lọ níbẹ̀. Lọ́dún náà gan-an ni àjọ àwọn ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé lágbàáyé, ICOM, tẹ ìwé kan tí ó fi àwòrán ọgọ́rùn-ún ohun tí a jí kó ní Áfíríkà han gbogbo ayé. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí ó ní fọ́tò àti ìwọ̀n nìkan ni ó lè wọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò ní, ẹni tí ó jí i lè tà á ní ọ̀sán gangan, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò lè fi ìwé hàn pé tòun ni.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé bá mi wọ yàrá ìpamọ́ kan. N kò ní í dárúkọ ilé náà. Àkókò ọyẹ́ ni, eruku bo ojú gíláàsì, iná ìjọba ti lọ láti àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń kùn ní ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀dọ́mọbìnrin òṣìṣẹ́ kan jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó la lẹ́jà tẹ́ẹ́rẹ́ pupa kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n bẹ̀ kí ó padà wá ràn wọ́n lọ́wọ́, jókòó sórí àpótí. Lẹ́jà sọ pé nọ́ńbà kan báyìí jẹ́ ère ìbejì, "méjì". Ère méjì náà nìyẹn lórí tábìlì, òwú kan náà ni ó so nọ́ńbà náà mọ́ àwọn méjèèjì lẹ́sẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàbá nawọ́.

"Ẹ̀jìrẹ́ kọ́ nìyí, ọmọ mi."

"Báwo, Bàbá? Ẹ wò ó, méjì ni ìwé wí."

"Ìwé wí méjì, n kò jiyàn. Wo ojú wọn."

Ó gbé wọn súnmọ́ fèrèsé. Ọ̀kan ní àbàjà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sùn ní ìbú sí etí. Èkejì ní pélé mẹ́ta, ó dúró ṣánṣán. Ojú ti àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá, nítorí pé ìyá kan ti wẹ̀ ẹ́, ó ti fún un lóúnjẹ, ó ti fi osùn pa á lára ní àìmọye òwúrọ̀. Ti èkejì ṣì mú bí ìgbà tí ọ̀bẹ kúrò lára rẹ̀, ó sì ní búlúù ní irun, èyí tí àkọ́kọ́ kò ní. Ìlú kan náà kọ́ ni wọ́n ti wá, ọwọ́ kan náà kọ́ ni ó gbẹ́ wọn, ìyá kan náà kọ́ ni ó pọ̀n wọ́n. Ẹnì kan, ní ọjọ́ kan tí a kò mọ̀, ti so àjèjì méjì pọ̀ bí ìbejì, bóyá nígbà tí wọ́n ń gbá pẹpẹ. Níbòmíràn nínú ilé náà, tàbí ní òkè òkun, ni ìkejì ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Bí a bá ti tẹ lẹ́jà náà bí ó ti wà, kọ̀ǹpútà ì bá ti gba irọ́ náà mọ́ra, ì bá sì ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé a kò gbọ́dọ̀ dá ìwé kọ sínú ẹ̀rọ láìgbé ohun náà fúnra rẹ̀ wò. Ìwé ni kí á mú lọ bá pẹpẹ, kí á sì tún mú pẹpẹ padà wá bá ìwé, nítorí pé àwọn ohun kan wà nínú ìwé tí kò sí lórí pẹpẹ mọ́, àwọn kan sì wà lórí pẹpẹ tí ìwé kò gbọ́ nípa wọn rí. Nọ́ńbà 7 àti nọ́ńbà 1 jọra lọ́wọ́ akọ̀wé tí ń kánjú. Akọ̀wé kan kọ Abẹ́òkúta, òmíràn kọ Ẹ̀gbá, ẹ̀kẹta kọ ìlú kékeré ibẹ̀ nìkan, nígbà tí ó jẹ́ pé ọjà kan náà ni wọ́n ti ra gbogbo rẹ̀. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í le koko; ọ̀gá tí ó bá sì pàṣẹ pé kí iṣẹ́ ogójì ọdún wọ kọ̀ǹpútà ní oṣù mẹ́ta ń pa ohun tí ó fẹ́ tọ́jú. Lẹ́jà náà kò sì gbọ́dọ̀ di ohun ìdáná lẹ́yìn iṣẹ́. Kí á ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí á so ó mọ́ àkọsílẹ̀ tuntun, nítorí pé ohun tí akọ̀wé fi pẹ́ńsù kọ sí etí ìwé, àti ohun tí ó fagi lé, máa ń sọ òtítọ́ ju àárín ìwé lọ nígbà mìíràn.

Mo dé ibi orúkọ. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ó sọ púpọ̀ nínú ohun wa lórúkọ nínú ìwé kò mọ ilé náà. Nígbà tí wọ́n fi ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ hàn níbi ìpàtẹ Wembley ní 1924, tí ó sì wọ British Museum lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ agbẹ́gilére tí ó gbẹ́ ẹ kò bá a rìn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ayé tó mọ̀ pé Olówè ará Ìsẹ̀ ni, àgbà ọ̀jẹ̀ tí ó kú ní 1938. Irú ìlà bẹ́ẹ̀, "Yorùbá, a kò mọ ẹni tí ó ṣe é", pọ̀ nínú ìwé ìlú òyìnbó bí ewé ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlú tí wọ́n ti gbé ohun náà mọ oníṣẹ́ náà pẹ̀lú oríkì rẹ̀. Ẹ̀bùn tí àká ní, tí lẹ́jà kò ní, ni pé àyè rẹ̀ kì í tán: ó lè gba orúkọ tí akọ̀wé 1924 kọ, orúkọ tí àwọn onílé ń pè é, orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́, láìpa ọ̀kan rẹ́ fún èkejì. Ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní CIDOC CRM, tí ó di ìlànà àgbáyé ní 2006, tilẹ̀ kọ́ni pé kí á kọ ìgbésí ayé ohun náà ní ìṣẹ̀lẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀: a gbẹ́ ẹ, a bọ ọ́, a kó o lógun, a tà á, a fi í tọrẹ. Mo fẹ́ràn ìlànà yìí, nítorí pé bí àwa náà ṣe ń pìtàn ìdílé nìyẹn.

Ohun kan wà tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n tí àwọn tí ń ta ètò kọ̀ǹpútà kì í ronú kàn. Ọkọ́ wà ní ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé, àgbẹ̀ ni ó ni í. Ọkọ̀ wà níbẹ̀, apẹja ni ó ni í. Ọ̀kọ̀ wà níbẹ̀, jagunjagun ni ó ni í. Bí òṣìṣẹ́ bá tẹ̀ wọ́n láìsí àmì, "oko" ni gbogbo wọn, ẹni tí ó bá wá ọ̀kan yóò bá gbogbo rẹ̀ pàdé bí agbo ẹran tí ó já. Bákan náà ni ìlù tí a kọ sí àyè ohun àti ìlú tí a kọ sí àyè ibi tí ó ti wá. Bí òṣìṣẹ́ bá sì fi àmì sí i, ìṣòro mìíràn tún yọjú: ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn nínú òǹkà lẹ́tà Unicode tí kọ̀ǹpútà ń lò, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní, lẹ́tà àti àmì ni a ń so pọ̀ láti rí wọn. Ẹnì kan lè tẹ ẹ kí ó tó fi àmì òkè sí i, ẹlòmíràn lè tẹ é kí ó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ojú ènìyàn rí ohun kan náà, ẹ̀rọ rí ọ̀rọ̀ méjì tí kò mọ ara wọn rí. Oògùn rẹ̀ wà, kò sì wọ́n: kí ètò náà máa sọ gbogbo wọn di oríṣi kan kí ó tó fi wọ́n pamọ́, kí ó sì ní ẹ̀dà aláìlámì fún ẹni tí kò lè tẹ àmì. Ṣùgbọ́n kí á tó sanwó ni kí á béèrè rẹ̀. Ilé tí ó bá gba ètò tí kò lè gbé àmì ohùn wa ti gba aṣọ tí kò bá ọmọ rẹ̀ mu.

Gbogbo ohun kọ́ ni kí gbogbo ojú rí. Edan Ògbóni àti àwọn ohun awo mìíràn wà nínú ìpamọ́, ó sì yẹ kí àkọsílẹ̀ wọn pé fún ẹni tí ń tọ́jú wọn láìjẹ́ pé ẹni tí ń rìn kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè wò wọ́n ní ìhòòhò. Oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kí ó má ní ààlà.

Àká náà sì lè jóná. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, iná jó ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé àpapọ̀ Brazil ní Rio de Janeiro, ilé tí ohun inú rẹ̀ tó mílíọ̀nù ogún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n fi fọ́tò èyíkéyìí tí wọ́n bá yà níbẹ̀ ránṣẹ́. Ti ẹ̀rọ náà ní iná tirẹ̀: ní oṣù kẹwàá 2023 àwọn ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà kọlu ilé-ìkàwé British Library, àkójọ orúkọ ìwé rẹ̀ kò sì padà sójú ayé títí di oṣù kìíní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọdún 2023 fẹ́ parí, wọ́n kọlu Gallery Systems, ilé-iṣẹ́ tí ń bá ọ̀pọ̀ ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé Amẹ́ríkà gbé àkọsílẹ̀ wọn. Ẹ̀dà kan nínú ilé, ẹ̀dà kan ní ìlú mìíràn, ẹ̀dà kan lórí bébà: n kò mọ ọ̀nà mìíràn. Ní ilẹ̀ tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ bíi tiwa, tí owó dísù àti ti sólà kò sí nínú owó ọdọọdún, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ayẹyẹ ṣí lè di pẹpẹ tí wọ́n ń gbé fáìlì lé kí ọdún tó yípo.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ rí ohun tí àká lè ṣe, kí ó wo Digital Benin, tí ó jáde ní oṣù kọkànlá 2022. Àwọn ohun Ìbíní tí ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ja Ìbíní ní 1897 fọ́n káàkiri, ohun tí ó lé ní 5,000 ní ọwọ́ ilé 131 ní orílẹ̀-èdè 20 nígbà náà, ni ó kó wá sójú kan, tí àwọn ọmọ Ẹdó fi èdè Ẹdó sọ oríṣi wọn lórúkọ. Kò dá ohun kan padà sí ààfin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń béèrè ohun rẹ̀ kò ní láti máa kan ilẹ̀kùn 131. Àwa Yorùbá kò tíì ní irú rẹ̀. Ohun wa wà ní London, wà ní Berlin, wà ní New York, bí ti Ẹdó ṣe wà, bí ìkejì ère ìbejì inú yàrá ọlọ́yẹ́ yẹn ṣe lè wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọ̀dọ́mọbìnrin náà pín nọ́ńbà kan náà sí méjì. Fún elébùlúù ni ó béèrè lọ́wọ́ bàbá bóyá ó mọ ọwọ́ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ; bàbá yí i padà, ó fi àtàǹpàkò kan etí rẹ̀ àti gígé irun rẹ̀, ó dárúkọ agbo ilé agbẹ́gilére kan ní Abẹ́òkúta, ó ní ilé náà lòun gbà pé ó ti wá, ṣùgbọ́n òun kò búra sí i. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àti ti pé kò búra. Ó sọ̀kalẹ̀ sí àyè tí ń béèrè ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà, ó tẹ orúkọ bàbá síbẹ̀ pẹ̀lú àmì orí rẹ̀, ó sì yí ojú kọ̀ǹpútà sí i kí ó rí i. Bàbá tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó ka orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ó tọ́, ọmọ mi," ni ó wí. "Gbé òmíràn wá."